Gbá Mi Lẹ́yìn Kí O Tó Kí Mi

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí mo ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ọmọ mi Mojísọ́lá kò kí mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, torí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dùn mí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi kó tètè lọ mu ún, torí bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí gun òkè, n kò ní lè dá a dúró lágbedeméjì.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú yìí lè má ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà. Ọmọ jí, ó bá bàbá rẹ̀ ní kíṣíìnì, kò ní ẹ káàárọ̀, ó bu omi, ó jáde. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ti bímọ méjì, síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Cedar Hill, lẹ́bàá Dallas níbí, kò sí àárọ̀ tí kì í kúnlẹ̀ kí mi. Bó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ pàápàá, yóò fi orúnkún kan kan ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, “Ẹ káàárọ̀, Daddy,” kó tó sáré jáde. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára fìríìjì.

Ohun tó fà á nìyí. Àwa àgbà tí a ti fi páráṣúùtì bẹ́ nígbà èwe wa dá ọjọ́ kan tí a ó tún bẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ara mi le. Wọ́n wá sọ fún mi pé n kò ní dá bẹ́. Wọ́n á so mí mọ́ àyà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà, bí ìgbà tí ìyá bá pọn ọmọ, àfi pé iwájú ni wọ́n máa pọ̀n mí sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo ti ń bẹ́ nígbà tí bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà, èmi ni wọ́n fẹ́ pọ̀n! Mo ní kò burú. Àgbà tó bá fẹ́ tún fi ojú kan òfurufú kì í bá ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n jà.

Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Ọdún tó kọjá ni a sin ìyá rẹ̀, aya mi àtàtà. Ó jókòó síwájú mi, kò pariwo, ó ní, “Daddy, mo ti sin ẹnì kan. Mi ò ní dúró síbì kan kí n máa wo ẹnì kejì kó máa já bọ́ látòkè.” Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Òun náà bẹ̀ mí, n kò gbà. Ilẹ̀ mọ́, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn fi mọ́tò gbé mi lọ, ó ní àwọn tí ń sáré lórí freeway kò ní láàánú arúgbó. Ó bínú, ṣùgbọ́n òun ló wakọ̀. Ẹ wo irú ọmọ tí Ọlọ́run fún mi!

Nígbà tí a dé pápá náà lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí koríko gbígbẹ ti tẹ́ lọ rẹrẹ, ó páákì, ó gbé gíláàsì mọ́tò sókè, ó sì jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Tòmíwá àti Ṣeun àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n tẹ̀lé mi. Kùrukùru sì wà nílẹ̀ bámúbámú, wọ́n ní kí gbogbo wa dúró kó ká. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé kì í ṣe kùrukùru nìkan ni mò ń dúró dè. Mo ní n kò wọ ọkọ̀ òfurufú ológun rí láìjẹ́ pé ẹnì kan yẹ ẹ̀yìn mi wò, kó sì gbá mi lẹ́yìn, n kò sì ní ti òní bẹ̀rẹ̀. Ṣeun ní òun lè gbá mi, pé òun lágbára. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá wọn ni mò ń fẹ́. Tòmíwá lọ kan gíláàsì mọ́tò, ìyá rẹ̀ mi orí. Ó padà wá, ó ní, “Grandpa, she's not coming out.” Mo ní ó dáa, kí wọ́n jókòó tì mí lábẹ́ igi kan níbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Dallas, àwa Yorùbá tí a wà níhìn-ín kò ju èrò tí yóò kún pálọ̀ kan lọ. Bí o bá gbọ́ Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀bù, wàá gbé ohun tí o fẹ́ rà sílẹ̀, wàá máa wá ohùn náà kiri. Mo mọ ọkùnrin kan tó tẹ̀lé ohùn obìnrin kan tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, títí tó fi bá a dé ìdí mọ́tò. Nígbà tí ó débẹ̀, kò mọ ohun tí yóò sọ mọ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹun yó. Wọ́n di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà. Lónìí ẹ ti pọ̀ débi pé bí ẹ bá gbọ́ ohùn Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀bù, ńṣe lẹ ń yà sí ọ̀nà mìíràn kí wọ́n má baà dá yín dúró. Mo ti rí yín, ẹ má sẹ́.

Ìwé ló gbé mi wá. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, mo rí àwọn ológun tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, tí agboòrùn ńláńlá ń ṣí lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pà, pà, pà. Ọkàn mi bẹ́ tẹ̀lé wọn. Kí ọdún ó tó yí po, wọ́n ti fá irun mi, mo ti wọ bàtà wúwo, mo sì ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ẹ̀pà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò mọ tiwa. Irin lásán ni. Ó ń gbọ̀n, ó ń hu, ó ń rùn fún epo, eyín ẹni ń kọlu ara wọn lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, á fẹ́ bọ́ aṣọ lára ẹni. Ara mi á wá yá gágá, ẹ̀yin ọmọ! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ wo apá mi, ẹ wo bí irun rẹ̀ ṣe dìde.

Kí a tó bẹ́, a ó tò gbọọrọ. Olúkúlùkù yóò yẹ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ wò. Ṣé okùn rẹ̀ kò lọ́? Ṣé kò gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá? Ṣé ìdè rẹ̀ di? Bó bá pé, wàá gbá a lẹ́yìn, gbàù, kó lè mọ̀ pé ó pé. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Wọn kò rí páráṣúùtì rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀gá nígbà náà, àgbà kì í ṣe àgbà. Ẹ̀yìn lẹ̀yìn ń jẹ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi ti dà mí láàmú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gá àgbà kan tó ti hewú ló bọ́ sí iwájú mi. Ọwọ́ mi kò gbé e. Báwo ni ọmọ tí bàbá mi bí yóò ṣe gbá bàbá eléwú lẹ́yìn láìkí i? Mo kọ́kọ́ tẹrí ba kí n fi tọrọ àforíjì. Mo gbàgbé pé ẹrù tó wà lára mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó èmi fúnra mi. Ẹrù náà kọjá orí mi, ó fà mí lọ, mo fi imú gbálẹ̀ ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní “Good Morning,” orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹni tó fà mí dìde ni Wọ́kà, aláwọ̀ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ Balch Springs níbí, tí ìdílé wọn ń kan òrùlé. Òun ló wá di ẹni ẹ̀yìn mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ̀ mí wò. Ó ní, “Ẹni tí kò bẹ̀rù kankan nítorí rẹ, ojú lásán ló fi ń wò ọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí rẹ ni kó yẹ ẹ̀yìn rẹ wò.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi ló ṣe rí létí mi.

Ogun wá dé. Ẹ ó máa rò pé mo fẹ́ sọ bí a ṣe bẹ́ lu àwọn ọ̀tá láti òkè. Rárá o! Aṣálẹ̀ ni wọ́n kó wa lọ, a kò sì bẹ́ rárá. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a kọ́, gbogbo eegun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nítorí rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi kó wa lọ sójú ogun. A jókòó sínú yanrìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yanrìn wà nínú oúnjẹ, ó wà nínú etí, ó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kérésìmesì bá wa níbẹ̀. Wọ́kà fi páálí gé igi Kérésì, èmi bu ata gígún tí aya mi fi ránṣẹ́ sí mi sínú oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń pín fún wa. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi gbogbo wa tán, ó tún na abọ́ padà sí mi pé kí n fi kún un. Láti ọjọ́ náà ni àwọn yòókù ti ń tò sẹ́yìn mi tí oúnjẹ bá dé.

Ohun tí a bẹ̀rù jù níbẹ̀ ni gáàsì olóró. Bí fèrè bá dún, o ní láti fi ìbòjú bo ojú kíákíá, kí o sì fa ìbòrí rẹ̀ dé ọrùn. Fèrè dún lójijì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì ń jẹun lọ́wọ́. Mo fi ìbòjú bojú, mo rò pé mo ti parí. Mo gbọ́ ọwọ́ Wọ́kà lẹ́yìn ọrùn mi, ó ń fa nǹkan kan, ó ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà gbàù! Ìbòrí mi ti ká sókè lẹ́yìn, ara ọrùn mi wà níta gbangba. Gáàsì kankan kò dé lọ́jọ́ náà, tàbí bóyá ó dé tí a kò mọ̀. Títí dòní n kò lè sọ bóyá ọwọ́ yẹn ló dá ẹ̀mí mi sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò tíì gbàgbé ìró rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ológun tó wà lókè òkun ń fi ojú han ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tiwa, lẹ́tà ni, lẹ́tà náà a sì ti gbó kó tó dé. Mojísọ́lá ṣì kéré nígbà náà. Ó sọ fún mi nígbà tó dàgbà pé bí fóònù bá dún nínú apartment wa, ìyá òun á kọ́kọ́ di ọwọ́ òun mú kó tó gbé e. Ó ní òun ò mọ ohun tí ogun jẹ́, ṣùgbọ́n òun mọ bí ọwọ́ ìyá òun ṣe máa ń tutù. Nígbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ igi, mo wo ọ̀nà ibi tí mọ́tò náà wà.

Mo padà dé, ogun ti tán, èmi àti Wọ́kà fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ayọ̀ kún ilé. Kò pẹ́ tí yìnyín fi wá. Ẹ mọ yìnyín Dallas, kò tíì yí padà. Ọ̀run á dúdú, á wá ní àwọ̀ ewé bíi pé inú ń bí i, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan lórí òrùlé, kó! Ẹ ó dákẹ́. Kó, kó! Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dà wá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni da àpò àgbàdo sórí páànù. Nígbà tó dáwọ́ dúró, Wọ́kà ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní àwọn òrùlé ti bàjẹ́ dé ìlú Wylie, ìdílé òun ń wá ẹni tí ibi gíga kò bà lẹ́rù. Mo gun àkàbà lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe di oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn.

Àwọn ará wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹni tó tìtorí ìwé kọjá òkun, ó ti wá ń gun òrùlé kiri bí ológbò. Mo ní kí wọ́n máa rọra sọ̀rọ̀, yìnyín kò mọ dókítà yàtọ̀ sí dírẹ́bà. Nígbà tí yìnyín tún dé, mélòó nínú wọn ni kò pè mí? Ẹ bá mi gbádùn ariwo iṣẹ́ náà ná! Òòlù ni a ń lò. Olúkúlùkù ní bí òòlù tirẹ̀ ṣe ń dún. Mo lè dúró nílẹ̀ kí n sọ ẹni tó wà lókè láìwò ó. Wọ́kà á gbá ìṣó lẹ́ẹ̀kan pẹ́lẹ́, á wá gbá a lẹ́ẹ̀kan kíkan. Tèmi ń yára, ó ń tahùn. Ní báyìí, ìbọn tí ń yin ìṣó ni wọ́n ń lò, gbogbo ènìyàn sì ń dún bákan náà. Kódà wọn kì í gun òrùlé wò mọ́, nǹkan kékeré kan bí eṣú ni wọ́n ń rán fò lọ yà á ní fọ́tò. Ó dára, ó yá, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ mọ òrùlé mọ́.

Nígbà tí mo dá dúró, mo mú ẹni méjì mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni Bọ̀dá Láyí, ọmọ Ìjẹ̀bú, tíṣà àgbà nílé, tó ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, tó sì ní ọ̀wọ̀ ara rẹ̀. Ẹnì kejì ni Kúnlé, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni! Àna! Kúnlé ti ní ìyàwó, ó ti bímọ, síbẹ̀ bó bá rí Bọ̀dá Láyí, àyà ló fi ń gbálẹ̀. Mo fi òfin ológun lélẹ̀ fún wọn: okùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó bá wà lórí òrùlé, kí ẹnì kejì rẹ̀ yẹ ìkọ́ rẹ̀ wò, kó gbá a lẹ́yìn. Bọ̀dá Láyí gbà kí èmi gbá òun. Ní ti Kúnlé, ó ní ayé kò tíì bàjẹ́ débi tí àna òun yóò máa gbá òun lẹ́yìn bí ẹni gbá ewúrẹ́. Ó ní kó máa fi ẹnu sọ ọ́. Kúnlé náà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, pé òun náà kò lè ṣe é láéláé.

Bí a bá jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń kọ́ wọn bí ológun ṣe ń balẹ̀. A ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi, a ó bẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ papọ̀, orúnkún papọ̀, fi ẹ̀gbẹ́ yí. Bọ̀dá Láyí á máa bú mi pé mo fẹ́ sọ àgbà di ọ̀bọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a bẹ́ láìsí òun.

Ó wá di ọjọ́ kan ní Wylie. A ti jẹun, a ti padà sókè. Bọ̀dá Láyí ti gbàgbé láti fi ìkọ́ kọ́ okùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti rìn dé nítòsí etí òrùlé. Mo wà ní apá kejì, n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kúnlé ló rí i. Kúnlé rí i pé ìkọ́ ń fì lásán! Ká ní ẹlòmíràn ni, á kígbe, tàbí á fà á láṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. A kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó pé ó ṣàṣìṣe láìkọ́kọ́ kí i. Kúnlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òrùlé, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ kú ìsinmi o, ẹ tún kú iṣẹ́, sà.”

Inú Bọ̀dá Láyí dùn. Ó dúró, ó yí ojú sí i, ó ní, “O ṣé, àna mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti wà pọ̀ o! Kúnlé ní àwọn ọmọ wà, sà, ẹ má bínú, sà, mo fẹ́ tọrọ àforíjì kí n sọ nǹkan kan, sà. Ó wá ń na ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òrùlé. Bọ̀dá Láyí sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ó rí i pé àyè kò tó àna rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kó lè rí ibi dọ̀bálẹ̀ sí.

Ó sún sínú afẹ́fẹ́. Mo rí i bó ṣe ń lọ, mo pariwo, “Ẹsẹ̀ papọ̀!” Tíṣà náà gbọ́ràn, ẹ̀yin ọmọ! Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó pa orúnkún pọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ yí lórí koríko bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo sọ̀kalẹ̀ àkàbà débi tí n kò mọ̀ bóyá mo tẹ àtẹ̀gùn rẹ̀ kankan. Mo bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí, eegun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kúnlé ń sunkún. Bọ̀dá Láyí wò ó títí.

“Kúnlé,” ó ní, “kí lo fẹ́ sọ?”

Kúnlé kúnlẹ̀ tì í. “Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹ ò tíì kọ́ okùn yín ni, sà.”

Ẹ wá wo ẹ̀rín! Eegun ń dùn ún, ẹ̀rín ń pa á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kígbe, àwa náà kò mọ èyí tí a ó ṣe. Nígbà tí wọ́n dì í ní hospital tán, ó pe Kúnlé sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Láti òní lọ, gbá mi lẹ́yìn kí o tó kí mi. Bó bá pé, sọ pé ó pé. Ìkíni kò ní sá lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn di òfin wa. Nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí Kúnlé fẹ́ gbá a, ńṣe ló fi ìka kàn án bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Bọ̀dá Láyí bi í bóyá eṣinṣin ló ń lé ni. Kúnlé di ojú, ó gbá a, gbàù, “Ó pé, sà!” Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀, nílẹ̀ ní ìdí àkàbà, níbi tí ìdọ̀bálẹ̀ kò ti lè pa ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Láyí ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, ní ọjọ́ ogbó, kì í ṣe lórí òrùlé ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ìsìnkú, kí wọ́n tó gbé pósí, Kúnlé kọjá síwájú láàrin gbogbo èrò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ó pé, Bọ̀dá.” Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀. Àwọn àlejò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi sunkún títí mo fi rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo bá ìtàn dé nìyẹn lábẹ́ igi nígbà tí kùrukùru ká. Oòrùn là gbòò, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ẹ̀jẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bíi ti ìgbà èwe. Wọ́n pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò pọ̀n mí di gbogbo ìdè náà mọ́ mi lára, ó ní ká máa lọ. Mo ní n kò tíì ṣe tán. Ó bi mí pé kí ló kù. Mo ní ọmọ mi ló kù. Àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ sínú ọkọ̀, wọ́n ń ju ọwọ́ sí mi, ẹsẹ̀ mi ń jó nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n ní kó dúró. Ṣùgbọ́n mo dúró.

Mo pe Tòmíwá. Mo ní kó padà lọ bá ìyá rẹ̀, kó má bẹ̀ ẹ́, kó kàn sọ fún un pé n kò ní kó má bẹ̀rù mọ́. Kó ní Grandpa sọ pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí òun gan-an ni òun ń wá. Mo wò ó bó ṣe ń sáré nínú koríko. Mo rí gíláàsì tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí n ó ṣe tú ìdè náà fúnra mi, ká máa lọ sílé. Ilẹ̀kùn mọ́tò wá ṣí.

Mojísọ́lá ń bọ̀, ó wọ bàtà tó fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ti wú. Kò wò mí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fa tòkè, ó fa tìsàlẹ̀, ó ki ìka bọ abẹ́ ìdè kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó bá ń yẹ aláìsàn wò. Ó dé ibi itan mi, ó dúró.

“Daddy,” ó ní, “èyí lọ́.”

Ó tú u, ó tẹ́ ẹ, ó tún un dì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní òun ì bá rí i nígbà tí òun bá tún yẹ̀ mí wò lẹ́nu ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mojísọ́lá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo dúró. Ẹ́ńjìnnì ń hu, koríko ń gbọ̀n, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

Gbàù! Ẹ̀yin ọmọ, Wọ́kà kò gbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

“Ó pé,” ó ní.

Ó wá yí wá sí iwájú mi. Ó fi orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀ nínú koríko gbígbẹ náà, lójú gbogbo àwọn òyìnbó arúgbó wọ̀nyẹn, ó gbé ojú sókè wò mí. “Ẹ káàárọ̀, Daddy.”

Oòrùn ti wà ní àárín orí wa nígbà náà, ọ̀sán ti pọ́n. Mo ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi,” mo sì lọ wọ ọkọ̀ òfurufú.